Jẹ́léósinmi: Ọmọ Ló Ni Ín, Kì í Ṣe Ilé

  

 Ọlọ́hun yóò gba ààwẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tí a mú bọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn tí ààwẹ̀ kò tíì di dandan fún ni: àwọn ọmọ wa wẹẹrẹ, láti ọmọ ọdún mẹ́ta títí dé ọmọ ọdún márùn-ún. Níbo ni ó yẹ kí wọ́n wà láàárọ̀ nígbà tí ìyá bá gba ọjà lọ tí bàbá sì gba iṣẹ́ lọ? Ṣé kí á mú wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àbí kí á fi wọ́n sílẹ̀ títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà?

Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà ni a gbà pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ ilé ìwé. Ẹ ó rántí pé nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọwọ́ ni wọ́n ń ní kí ọmọ gbé kọjá lórí. Tí ọwọ́ bá kan etí ní òdìkejì, ó ti tó. Tí kò bá kàn án, kí ó padà sílé. Ìwọ̀n yẹn wúlò ní ayé ìgbà náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n ó fi èrò kan sí wa lọ́kàn: pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan etí, kò tíì sí ohun tí a lè kọ́ ọ. Èrò yẹn ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

ORÚKỌ TÍ A SỌ Ọ́

Jẹ́léósinmi ni a ń pe ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré ní èdè wa. Ẹ tú orúkọ náà wò: jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ó dà bí ẹni pé nítorí kí ilé lè bọ́ lọ́wọ́ ariwo ọmọ ni a ṣe ń mú un lọ. Kì í ṣe irọ́ o, ilé a máa sinmi. Ìyá tí ó ń tajà ní Òṣòdì, tí ó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó yẹ kí ó rí ibi fi ọmọ sí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìsinmi ilé nìkan ni a ń wá, ibikíbi ni a lè gbé ọmọ sọ sí. A lè fi í sọ́dọ̀ aládùúgbò tí yóò gbé e jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. A lè fi í sínú yàrá kan tí ọmọ ogójì kún inú rẹ̀, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń fi pàṣán ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà sọ̀rọ̀. Ilé sinmi, ọmọ kò jèrè nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ kí á mú lọ sílé lónìí kò ju èyí lọ: ọmọ ló ni jẹ́léósinmi, kì í ṣe ilé. Ohun tí etí ọmọ ń gbọ́, tí ojú rẹ̀ ń rí, tí ọkàn rẹ̀ sì ń gbà níbẹ̀, òun ni kí á fi díwọ̀n rẹ̀.

ETÍ, OJÚ ÀTI ỌKÀN

Nínú Súrà An-Nahl, áyà 78, Ọlọ́hun rán wa létí pé a kò mọ nǹkan kan nígbà tí Òun mú wa jáde láti inú àwọn ìyá wa, àti pé Òun ni Ó ṣe ìgbọ́rọ̀, ìríran àti ọkàn fún wa. Ẹ wo bí Ó ṣe tò wọ́n. Ìgbọ́rọ̀ ló ṣíwájú. Ọmọ ń gbọ́ kí ó tó lè fọhùn, ó sì ń wò kí ó tó lè ṣe.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́rin nínú ilé nígbà sààrì. Kò sí ẹni tí ó jí i. Ó ti wá jókòó ti àwo, ó ní òun náà ń gbààwẹ̀. Kí oòrùn tó là dáadáa, ó ti ń béèrè ẹ̀kọ àti àkàrà. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ yẹn. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ ní òfin ààwẹ̀. Ojú ló fi rí i.

Àwọn oníṣègùn ayé òde òní sọ pé nígbà tí ọmọ bá fi máa di ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọpọlọ rẹ̀ ti tóbi tó bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti àgbàlagbà. Ara ṣì kéré, ọpọlọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Èyí kò sọ pé kí ọmọ ọdún mẹ́rin máa ṣe ìṣirò àgbà o. Ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé àsìkò tí a máa ń sọ pé "kò tíì mọ nǹkan" gan-an ni àsìkò tí ó ń kó nǹkan jọ jù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ànábì wa (SAW) mọ èyí. Hádíìsì sọ fún wa nípa Umar ọmọ Abu Salamah, ọmọdé tí ó dàgbà nínú ilé Ànábì. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ọwọ́ ọmọ náà ń rìn káàkiri inú àwo. Ànábì kò lù ú, kò pè é ní ọ̀bùn. Ohun mẹ́ta péré ló kọ́ ọ: kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó jẹ nínú èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Umar yìí dàgbà, ó sì jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ń jẹun láti ọjọ́ náà. Ọmọdé mìíràn wà tí ń jẹ́ Abu Umayr, tí ó ní ẹyẹ kékeré kan tí ó fi ń ṣeré. Ànábì, tòun ti iṣẹ́ ńlá tí Ọlọ́hun rán an, a máa béèrè ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé Umamah, ọmọ ọmọ rẹ̀, dání lórí ìrun.

Ọdún méje ni Ànábì ní kí á máa pàṣẹ ìrun fún ọmọ. Kí ni kí á wá máa ṣe kí ó tó pé ọdún méje? Ohun tí a ti sọ yẹn náà ni: kí ó rí, kí ó gbọ́, kí ó ṣeré, kí á fi sùúrù tọ́ ọ. Ibi tí ìyẹn bá ti ń ṣẹlẹ̀ ni a ń pè ní jẹ́léósinmi tòótọ́.

ÈRÈ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ tí ẹnìkan ń bá sọ̀rọ̀, tí a ń pa àlọ́ fún, tí a ń bi pé "kí ló dé tí ìjàpá fi ṣe bẹ́ẹ̀?", ọ̀rọ̀ yóò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì wà lẹ́nu ọmọ ni yóò fi mọ ìwé kà.

Èkejì ni bíbá ẹlòmíràn gbé. Nínú ilé, ó lè jẹ́ òun nìkan ni kékeré, tí gbogbo ènìyàn ń gbà fún. Ní àárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró kí ó kàn án. Yóò kọ́ láti kí ènìyàn, láti tọrọ nǹkan, láti sọ pé "má bínú".

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́. Kí ọmọ máa mọ amọ̀, kí ó máa ya àwòrán, kí ó máa ṣa ẹ̀wà pupa sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, kí ó máa ka ìdérí ìgò. Àwọn ọwọ́ wọ̀nyí ni yóò di ọwọ́ tí ó lè di pẹ́ńsù mú, tí ó sì lè kọ alífù àti bá sára wàláà.

Ẹ̀kẹrin ni ìmọ́tótó. Ọmọ tí ó bá ń fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun àti lẹ́yìn tí ó bá ti ilé ìgbẹ́ dé, àlùwàlá kò ní jẹ́ àjèjì sí i lọ́la.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn òbí kì í sábà ronú kàn án. Tíṣà tí ó ń rí ogún ọmọ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ lójoojúmọ́ yóò tètè mọ èyí tí kò gbọ́ràn dáadáa, tàbí tí ó ń sún mọ́ ìwé jù nítorí pé ojú ń dùn ún. Nílé, a lè máa lù ú pé olórí kunkun ni, kí ó sì jẹ́ pé etí ni kò gbọ́.

Ẹ̀kẹfà ni ti ẹ̀gbọ́n. Bí kò bá sí ibi tí a ó fi àbúrò sí, ta ni ó sábà máa ń jókòó tì í? Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni. Ọmọ kékeré kò lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò lọ. Ọmọ méjì ni a pàdánù.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍBÒMÍRÀN

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Amẹ́ríkà díẹ̀. Ní ìlú Ypsilanti ní ìpínlẹ̀ Michigan, láti 1962 sí 1967, wọ́n mú ọmọ 123 láti ilé àwọn tálákà, gbogbo wọn ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. 58 nínú wọn ló lọ sí jẹ́léósinmi kan tí wọ́n ń pè ní Perry láti ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. 65 kò lọ. Kì í ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni lóòjọ́. Lẹ́yìn náà, tíṣà a máa lọ bá ìyá ọmọ nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn a jọ jókòó ti ọmọ.

Wọ́n ń tọpa àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi di ẹni ogójì ọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lọ, 77 ló parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lọ, 60 ni. Àwọn tí ọlọ́pàá ti mú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 36 nínú ọgọ́rùn-ún lápá kan, wọ́n sì jẹ́ 55 lápá kejì. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin tí ẹ ń kọminú nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń dúró sí etí rélùwéè àti àwọn gáréèjì wa. Ẹ̀kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ń fi ara hàn nínú ìwà ẹni ogójì ọdún!

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà kan náà, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, wọ́n wo nǹkan bí ọmọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022, wọ́n rí i pé nígbà tí wọ́n dé kíláàsì kẹfà, àwọn tí ó lọ sí jẹ́léósinmi ìjọba níbẹ̀ kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò tó àwọn tí kò lọ, wọ́n sì ń rú òfin ilé ìwé jù wọ́n lọ. Ìyẹn ni pé orúkọ kò tó. A lè kọ "nọ́ọ̀sìrì" sára pátákó gàgàrà kí inú rẹ̀ sì ṣófo. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ níbẹ̀ ni kí á lọ wò.

TA NI Ó NÍ YORÙBÁ KÒ DÁRA?

Ọ̀pọ̀ òbí ń san owó ńlá nítorí kí ọmọ ọdún mẹ́ta lè máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ bá sọ Yorùbá níbẹ̀, wọn a fìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, ọmọ Èkó, Mùsùlùmí bíi tiwa, tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, tí ó sì kú ní 2010. Ní 1970, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi tíṣà tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà, mélòómélòó ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ tán?

Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé ìwé. Ní 2025 wọ́n tún fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ti ìjọba nìyẹn. Kò sí òfin tí ó ní kí á má pa àlọ́ Yorùbá fún ọmọ wa nílé, tàbí kí á má kọ́ ọ ní ìkíni. Gẹ̀ẹ́sì yóò bá a lọ́nà. Kò ní sá fún un.

ÌBẸ̀RÙ ẸNI TÍ Ó NÍ WỌN YÓÒ GBA ỌMỌ ÒUN

Àwọn kan ń sọ pé: "Àfáà, jẹ́léósinmi tí ó wà ládùúgbò wa, orin ìjọ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Kí ọmọ mi jókòó sílé kúkú sàn." Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn baba wa ní Èkó sá fún ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì nítorí pé ọmọ tí ó bá wọlé ní Músá lè jáde ní Moses. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí sísá náà fà: àwọn mìíràn kàwé, wọ́n gba iṣẹ́ ìjọba, a wà lẹ́yìn. Ní 1896 ni ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ní 1923 ni a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ wa. Wọ́n rí i pé kì í ṣe sísá ni oògùn rẹ̀. Kíkọ́ tiwa ni.

Àwa ńkọ́? Ilé kéwú wa, lẹ́yìn ìrun àsárì ni ó ń kún. Láàárọ̀, ẹní wà níbẹ̀, òrùlé wà níbẹ̀, omi àlùwàlá wà níbẹ̀, kò sí ọmọ kan. Mo ń sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ wa àti fún gbogbo ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí tí ó ń gbọ́: ẹ jẹ́ kí á wá obìnrin kan tàbí méjì tí wọ́n kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, kí á san owó wọn bí ó ṣe yẹ, kí á ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀. Díẹ̀ nínú sàká àti sàráà oṣù yìí lè ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àfáà, ọ̀rọ̀ kàn wá náà. Kóbókò kì í ṣe ohun èlò ọmọ ọdún mẹ́rin. Imam al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, kọ́ wa pé kí á jẹ́ kí ọmọ ṣeré lẹ́yìn kéwú, nítorí pé bí a bá fi ẹ̀kọ́ há a mọ́ láìsí eré, ọkàn rẹ̀ yóò kú, yóò sì máa wá ọgbọ́n àtisá. Ibn Khaldun, tí ó kọ Muqaddimah ní 1377, kìlọ̀ pé ìkanra sí akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá ọmọ kékeré, ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ àti òpùrọ́. Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe òyìnbó o. Àfáà àgbà ni wọ́n.

OWÓ ŃKỌ́?

Ẹni tí kò ní owó nọ́ọ̀sìrì aládàáni, kí ó má sọ̀rètí nù. Òfin ẹ̀kọ́ gbogboògbò ti 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sì fi ọdún kan sílẹ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún kí ó tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tí ó sún mọ́ yín, ẹ béèrè kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ dání. Ẹ tètè lọ, kí ààyè má baà kún.

Ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ sí, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ ka iye ọmọ: ìlànà ìjọba fi tíṣà kan sí ọmọ 25 ní nọ́ọ̀sìrì. Ẹ wò ó bóyá tíṣà ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀, àbí òkè ni ó ti ń pariwo mọ́ wọn. Ẹ wo ilé ìgbẹ́ àti omi. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń ṣeré. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ọmọ lè sáré jáde sí títì tàbí sí ojú irin. Ẹ béèrè irú àdúà àti orin tí wọ́n ń kọ́ wọn. Kí bàbá náà lọ wò ó o, kí á má dá a dá ìyá. Olúkúlùkù wa ni olùṣọ́, a ó sì bi wá léèrè nípa ẹni tí a ń ṣọ́.

Ẹni tí kò bá rí ibì kankan, ilé rẹ̀ náà lè jẹ́ jẹ́léósinmi. Ìyá tí ó ń dín àkàrà lè ní kí ọmọ máa kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Bàbá tí ó bá dé lálẹ́ lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pa àlọ́ kan, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ tún un pa fún òun. Bismillāhi ṣáájú oúnjẹ, Alhamdulillāhi lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ ṣé", "ẹ jọ̀ọ́", "ẹ káàárọ̀". Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ará, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí ó tó di ọdún tí ń bọ̀, tí a bá tún pàdé nínú Ràmàdánì, ọmọ ọdún mẹ́ta ti di mẹ́rin. Àsìkò yẹn kì í padà. Ẹ jẹ́ kí á lò ó fún un.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó wúlò ṣe ọrọ̀ àwọn ọmọ wa. Kí Ó jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ìtura ojú fún wa láyé àti ní ọ̀run. Kí Ó ràn wá lọ́wọ́ láti tọ́ wọn. Kí Ó gba ààwẹ̀ wa, kí Ó sì ṣàánú àwọn òbí wa tí wọ́n ti lọ. Āmīn.